"Ó Ń Tàn" Kò Tó: Ọ̀rọ̀ Fún Ẹni Tó Fẹ́ Ta Fíláàṣì Àtijọ́

Lóṣù yìí nìkan, ẹni mẹ́rin ló ti gbé fíláàṣì kámẹ́rà tó jẹ́ ti bàbá wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, Ìkòròdú níbí, pé kí n bá àwọn tà á. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn: "Ọ̀gá, ó ń tàn." Wọ́n á tẹ bọ́tìnì, á kọ mọ̀nà, wọ́n á sì máa wo ojú mi bí ẹni pé owó ti délẹ̀.

Fíláàṣì tó ń tàn lè pa kámẹ́rà. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Ti bátìrì, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e pamọ́. Bó bá ti ṣomi sínú ilé rẹ̀ tó sì hu funfun bí iyọ̀, ẹ fi fínígà díẹ̀ sára òwú, kẹ́ ẹ nù ún. Ó tán. Iwájú tó pọ́n tàbí tó sán, oníbàárà á fojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ni mò ń bọ̀ sí. Ẹ dojú fíláàṣì dé, kẹ́ ẹ wo ẹsẹ̀ tí a fi ń kì í bọ orí kámẹ́rà. Irin róbótó kan wà láàárín. Bí ẹ bá tẹ kámẹ́rà, ńṣe ló máa so irin yẹn pọ̀ mọ́ irin etí ẹsẹ̀ náà wéré, ibẹ̀ ni fíláàṣì ti ń gbọ́ pé kí òun tàn. Nínú kámẹ́rà onífíìmù ayé ọjọ́un, irin méjì ló ń kanra níbẹ̀, irin kì í sì í sá fún iná. Àwọn tó ń ṣe fíláàṣì nígbà náà kò wá bìkítà iye volt tó ń dúró lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ti wọn fíláàṣì Vivitar 283 kan tí wọ́n ṣe ní Japan, mítà tí a fi ń wọn iná fò kọjá 200 volt. Kámẹ́rà òde òní kò ní irin méjì yẹn mọ́. Ẹ̀yà kan tó kéré ju hóró ìrẹsì lọ ló ń ṣe iṣẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ Nikon lè gba tó 250 volt. Àwọn Canon kan tó ti pẹ́ díẹ̀, 6 ni kò gbọdọ̀ kọjá. Mẹ́fà péré o!

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n nìyí: ẹ ki bátìrì tuntun bọ̀ ọ́, ẹ tàn án, ẹ dúró kí iná kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ẹ yí mítà sí DC, ìyẹn irú iná tó ń jáde lára bátìrì, síbi tó lè ka ju 300 volt lọ. Wáyà pupa lórí irin róbótó, dúdú lára irin etí, kí ọwọ́ yín má kan irin rárá. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ọdún 26 ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, fíláàṣì kan kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi kí n má tíì wọ̀n ọ́n.

Àwọn kan ń káàkiri sọ pé kẹ́ ẹ fi táàpù bo àwọn irin kéékèèké tó yí ti àárín ká, pé iná ò ní kọjá. Irọ́ gbuu ni. Ti àárín gan-an niná wà. Àwọn kan náà ló ń ní kẹ́ ẹ tú u wò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ bátìrì. Ẹ má dán an wò! Kapásítọ̀ inú rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń kó iná pamọ́, lè ṣì di iná tó tó 300 volt mú láìsí bátìrì kankan.

Ọmọkùnrin kan láti Ìta-Ẹlẹ́wà lọ yàwòrán níbi ìsọmọlórúkọ. Fíláàṣì tòkunbọ̀ tó rà lọ́sẹ̀ yẹn ló wà lórí Canon rẹ̀. Ó ya ẹ̀ẹ̀kẹta, kámẹ́rà kú. Kàkà kó wá bá mi, ọ̀dọ̀ wòlíì ló gbà lọ. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló di í lọ́wọ́, wọ́n bu àwẹ̀ ọjọ́ méje fún un, wọ́n ta òróró fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi kí bàbá àgbàlagbà yẹn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo gbé mítà lé ẹsẹ̀ fíláàṣì náà lójú rẹ̀: 238. Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ní, "Ohun tó pa kámẹ́rà ẹ rè é. Lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ." Ó lọ lọ́jọ́ náà.

Èmi àtiẹ̀ la jọ lọ bá ẹni tó tà á fún un, nítòsí gáréèjì. Ọkùnrin náà ní, "Ọ̀gá, ó kúkú ń tàn nígbà tí mo tà á." Ó dá owó fíláàṣì padà, ti kámẹ́rà kọjá agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ó kó méje tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sínú Ghana-must-go wá bá mi, ó jókòó tì mí títí mo fi wọn méjèèje. Ó ní kí n kọ iye tí mo bá lẹ́sẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí táàpù funfun, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mẹ́ta kọjá 150. Ẹni tó bá ṣì ń ya fíìmù nìkan ló ń ta àwọn yẹn fún báyìí.