Kí Abẹ́rẹ́ Tó Dé Inú Kókó Ẹ̀dọ̀fóró

Bí ikọ́ ẹnì kan bá pẹ́ lára ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn fi ń tu ara wọn nínú ni pé: "Wọ́n ti ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun, wọn ò rí nǹkan kan. Kì í ṣe jẹjẹrẹ." Ìgbàgbọ́ yìí léwu púpọ̀. Kókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ nínú ẹ̀dọ̀fóró kì í sábà wà níbi tí ojú kámẹ́rà tó wà lórí rọ́bà yẹn, ìyẹn bronchoscope, lè dé.

Ẹ fojú inú wo igi máńgòrò tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò. Ìtí ẹ̀ ni ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó ti ọ̀fun wọ àyà. Ẹ̀ka ń yọ ẹ̀ka, ó tó nǹkan bí ìgbà 23 tó ń pín. Rọ́bà tí wọ́n ń lò fún àgbàlagbà sì máa ń fẹ̀ tó mílímítà 5 sí 6, àwọn ẹ̀ka ńláńlá nìkan ló lè gbà. Kókó kékeré ńkọ́? Ó wà lọ́hùn-ún, níbi tí ẹ̀ka ti di tíntínní. Nígbà mìíràn, ṣe ló fara ti ẹ̀ka láti ìta bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ẹni tó ń gba inú ihò ẹ̀ka kọjá ò lè rí ìtẹ́ yẹn láéláé.

Ẹ̀rọ CT, tó ń ya àwòrán inú ara, ló ń kọ́kọ́ rí kókó. Kọ̀ǹpútà á wá sọ àwòrán ẹ̀ di máàpù, rọ́bọ́ọ̀tì á sì darí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, bíi mílímítà 3.5, lọ síbẹ̀, kí abẹ́rẹ́ lè gba inú ẹ̀ bu ẹran kókó díẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ọdún 2018 ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí irú rọ́bọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ máàpù yẹn máa ń tanni. Nígbà tí wọ́n ń ya CT, aláìsàn mí kanlẹ̀, ó sì sé èémí, àyà ẹ̀ kún dáadáa. Lórí tábìlì, oògùn oorun ti gbé e lọ, ẹ̀dọ̀fóró ti sọ̀ kalẹ̀, kókó sì ti yẹ̀ kúrò níbi tí máàpù ní ó wà, nígbà mìíràn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Abẹ́rẹ́ á wọ ẹran tí kò lárùn, èsì á ní kò sí nǹkan.

Nítorí náà, kí wọ́n tó gún un, wọ́n á kọ́kọ́ ki wáyà kékeré kan wọlé tó ń fi ìró yàwòrán, irú ìró tí wọ́n fi ń wo oyún. Bí wáyà bá wà láàárín kókó gan-an, kókó á yí i ká lójú àwòrán. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló wà, apá kan ni kókó á ti hàn. Àwọn mìíràn máa ń gbé ẹ̀rọ tó ń yí aláìsàn po wá, wọ́n á ya àwòrán tuntun nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú. Rọ́bọ́ọ̀tì ni gbogbo èèyàn ń yìn, ṣùgbọ́n ìfura tí wọ́n ń fu sí máàpù yìí gan-an ni ọgbọ́n tó wà nínú iṣẹ́ náà.

Síbẹ̀, bí èsì bá ní kò sí nǹkan tí kókó ṣì hàn lójú CT, iṣẹ́ ò tíì parí. Wọ́n lè tún CT yà lẹ́yìn oṣù díẹ̀ láti wò ó bóyá ó ti tóbi sí i, tàbí kí wọ́n gba ìhà gún un láti òde.