Sójà Tó Fa Èéfín Símú Lójú Ogun Lẹ́tọ̀ọ́ sí Owó Gbà-máà-bínú

Nínú àwọn ọmọ Yorùbá tó ṣiṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ní Iraq àti Afghanistan, ìbéèrè kan ni mo ń gbọ́ jù: "Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi hàn pé èéfín ibẹ̀ ló fa ásímà yìí?"

Pàǹtírí, ike àti kẹ́míkà ni wọ́n ń kó sí kòtò ńlá ní ibùdó ológun bíi Balad ní Iraq, tí wọ́n á da epo ọkọ̀ òfurufú sí i, tí wọ́n á sì dáná sun ún. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá dókítà tó máa kọ ọ́ pé èéfín yẹn ló dá àìsàn sílẹ̀. PACT Act, òfin tí Ààrẹ Biden fọwọ́ sí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 2022, ti gbé ẹrù náà kúrò lórí yín. Bí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí òfin náà dárúkọ, tí àìsàn yín sì wà lára èyí tó kà sílẹ̀, VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun, ti gbà pé iṣẹ́ ológun ló fà á. Ásímà tí wọ́n rí lẹ́yìn tí ẹ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wà níbẹ̀, oríṣiríṣi jẹjẹrẹ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbà tí Agent Orange, kẹ́míkà apagbó tí wọ́n fọ́n lójú ogun, kàn ní Vietnam wọ ibẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹni tí VA kò gbà fún ṣáájú 2022, kó tún kọ̀wé béèrè. VA kì í dédé ṣí fáìlì àtijọ́.

Ẹ kọ́kọ́ fi "Intent to File", ìwé tó ń sọ fún VA pé ẹ fẹ́ béèrè owó, ránṣẹ́ lónìí. Ọdún kan lẹ ní láti kó ìwé yòókù jọ, láti ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ yẹn ni wọ́n sì ti sábà máa ń ka owó yín.

Ibi àyẹ̀wò ara tí VA máa ń ní kí ẹ lọ ṣe ló ń dùn mí jù. Dókítà á béèrè pé, "Báwo lara?" A ó ní, "A dúpẹ́." Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara yín le nìyẹn. Wọ́n tọ́ wa pé ká má máa ráhùn, mo sì bọ̀wọ̀ fún ẹ̀kọ́ náà, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni ká ti lò ó. Ẹ má bù mọ́ ọn, ẹ má sì dín in kù. Ẹ sọ àtẹ̀gùn tí ẹ kò lè gùn tán, ẹ sọ òru tí ẹ jókòó mọ́jú torí èémí. Kí ọkọ tàbí aya yín kọ ohun tó ń rí. Kí ẹni tí ẹ jọ wà ní ibùdó kọ tirẹ̀. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò náà kò bá rọrùn, ẹ pè wọ́n ṣáájú. Ẹni tí kò yọjú rárá, wọ́n lè má gbà fún un.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó bá yín kọ kléèmù àkọ́kọ́, ìyẹn ìwé ìbéèrè owó náà, ẹ yẹra fún un. Òfin kò fàyè gbà á, àwọn ẹgbẹ́ ológun tó ti fẹ̀yìn tì tí VA fọwọ́ sí sì ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.