Ìnàkí Kì í Sùn Sórí Ibùsùn Àná

Bí ènìyàn bá rí ìtẹ́ ìnàkí lórí igi, ilé ló máa ń pè é. Kì í ṣe ilé rárá. Ìnàkí kì í kó oúnjẹ pamọ́ síbẹ̀, kì í sì í sábà padà síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì. Orúkọ ìtẹ́ ti sọ ọ́: ohun tí a tẹ́ ni, bí ẹní.

Ọ̀bọ kì í tẹ́ nǹkan kan. Awọ ìdí rẹ̀ le, orí ẹ̀ka ló ń jókòó sùn. Gíbọ́nì, ìnàkí kékeré ilẹ̀ Asia, náà nírú awọ bẹ́ẹ̀, òun náà kì í tẹ́ ibùsùn. Àwọn ìnàkí ńlá, ìyẹn ṣinpansí, bònóbò, gọ̀rílà àti òràngútàn, ló ń tẹ́ tuntun lálaalẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gọ̀rílà sábà máa ń tẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Kó tó tẹ́, ó ní láti tẹ̀. Òràngútàn á dúró láàrin ẹ̀ka, á fa èyí tó nípọn mọ́ra, á tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dún. Igi tútù kì í kán pátá: ẹ̀gbẹ́ kan á ya, ẹ̀gbẹ́ kejì á ṣì so mọ́ igi. Ohun tó ń gbé e ró lóru nìyẹn. Àwọn onímọ̀ tó yẹ ìtẹ́ wọ̀nyí wò ní Sumatra, erékùṣù kan ní Indonesia, tí iṣẹ́ wọn jáde ní 2012, rí i pé ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ṣẹ́ kúrò pátápátá, láti fi ṣe tìmùtìmù. Gbogbo rẹ̀ kì í sábà gbà ju ìṣẹ́jú 10 lọ. A kò bí ọgbọ́n yìí mọ́ ọmọ wọn o. Ọ̀dọ̀ ìyá ló ti ń wò ó fún ọdún púpọ̀.

(Ibùsùn tuntun yìí mọ́, pàápàá. Ìwádìí kan ní Tanzania, 2018, fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí tó ti ara ṣinpansí wá sórí ibùsùn rẹ̀ kéré gan-an sí èyí tó ti ara ènìyàn wá sórí ibùsùn ènìyàn.)

Ìtẹ́ yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ fi ń ka iye ìnàkí inú igbó, nítorí ẹranko náà ń sá, ìtẹ́ kì í sá. Wọ́n á ka ìtẹ́ inú igbó; nítorí pé tuntun ni ìnàkí ń tẹ́ lálaalẹ́, wọ́n á fi iye ọjọ́ tí ìtẹ́ kan ń pẹ́ kó tó tú ká pín in. Ọgbọ́n gidi ni, àmọ́ iye ọjọ́ yẹn ni mi ò fọkàn tán. Òjò ń yí i, irú igi ń yí i. Bí a bá fi oṣù 3 ṣírò, tí ìtẹ́ sì ń pẹ́ tó oṣù 6, ìnàkí 100 inú igbó ti di 200 lórí ìwé.