Ilé Àgbẹ̀dẹ ni Mọ́tò Patterson Ti Wá

Ọdún 1915 ni wọ́n máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ mọ́tò Patterson-Greenfield, èyí tí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe ní ìlú Greenfield, ní Ohio. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Nídìí ẹwìrì bàbá ẹni tó ṣe é ni ìtàn mọ́tò náà ti bẹ̀rẹ̀.

Oko ẹrú ní Virginia ni wọ́n bí bàbá náà, Charles Richard Patterson, alágbẹ̀dẹ, sí lọ́dún 1833. Àwọn kan ní ńṣe ló sá wá sí Ohio lọ́dún 1861. Ìtàn náà dùn létí, àmọ́ àwọn tó ní òbí rẹ̀ ló kó gbogbo ilé wá ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú ni mo bá lọ. Ẹ wò ó: lọ́dún 1873, òyìnbó kan, J.P. Lowe, bá a da òwò kẹ̀kẹ́ ẹṣin pọ̀. Ní Amẹ́ríkà ayé ìgbà yẹn, òyìnbó wo ni yóò bá aláwọ̀ dúdú dáwó jọ bí kò bá ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dájú? Ó ní láti jẹ́ pé ojú àwọn ará Greenfield ló ṣe dàgbà.

Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹṣin, igi ni, irin ni wọ́n fi ń dè é. Alágbẹ̀dẹ á fi òrùka irin sínú iná títí á fi pọ́n, tí á fẹ̀. Á gbé e wọ igi náà, èéfín á sọ, á sáré da omi lé e. Bí irin bá ti ń tutù ló ń sún kì, á sì di igi mú pinpin. Ẹni tó mọ èyí ṣe, tó tún mọ pákó gé, tó mọ awọ rán, kí ló kù nínú ara mọ́tò tí kò mọ̀? Lọ́dún 1893, Charles ra ìpín Lowe, ilé iṣẹ́ náà di tirẹ̀ àti tàwọn ọmọ rẹ̀. Oríṣi kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ṣe tó 28, títí kan èyí tí dókítà ń gùn lọ wo aláìsàn.

Àwa náà ṣáà ń pe mọ́tò ní ọkọ̀, orúkọ ohun tí baba wa ń tù lórí omi. A kàn fi ayọ́kẹ́lẹ́ kún un ni, torí pé ó ń yọ́ lọ jẹ́jẹ́. Ohun tuntun kì í ṣàìmú orúkọ ti àtijọ́ dání.

Bàbá kú lọ́dún 1910. Frederick, ọmọ rẹ̀, tó ti ṣe olùkọ́ ní Louisville kó tó padà wálé, kọ́kọ́ ń tún mọ́tò onímọ́tò ṣe, kó tó gbé tirẹ̀ jáde: ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà 4 tí ilé iṣẹ́ Continental ṣe ló wà nínú rẹ̀, dọ́là 850 sì ni wọ́n ń tà á. Àwọn tó ń fi í wé mọ́tò Ford, tí ilé iṣẹ́ ńlá ń ṣe jáde lọ́pọ̀ yanturu, kò ro ọ̀rọ̀ náà dénú. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é ní Greenfield, gbogbo rẹ̀ kò sì ju 150 lọ. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, ara bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń kàn. Frederick kú lọ́dún 1932, wọ́n sì ti ilé iṣẹ́ náà pa lọ́dún 1939.

Títí di òní, kò sẹ́ni tó tíì rí ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù nínú àwọn mọ́tò náà. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin ilé Patterson ló ṣì wà nílẹ̀, tòun ti irin tí wọ́n fi de ẹsẹ̀ rẹ̀.