GDP Nàìjíríà di trílíọ̀nù 372.8 náírà: ìbéèrè yín àti ìdáhùn

Ní oṣù Keje ọdún 2025, NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, kéde pé GDP Nàìjíríà fún ọdún 2024 jẹ́ trílíọ̀nù 372.8 náírà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe ni, ó sì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Látìgbà náà làwọn èèyàn ti ń béèrè ibi tówó ọ̀hún wà.

Kí ni GDP gan-an?
Iye gbogbo ọjà àti iṣẹ́ tuntun tí wọ́n pèsè láàárín ẹnubodè orílẹ̀-èdè kan, fún oṣù mẹ́ta tàbí ọdún kan. Ilé iṣẹ́ òyìnbó tó wà ní Àgbárá wà nínú tiwa. Owó oṣù tí ọmọ Nàìjíríà ń gbà ní London kò sí níbẹ̀.

Ṣé ọwọ́ ìjọba lowó náà wà ni?
Rárá o.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀?
Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, ibì kan náà ló sì yẹ kí wọ́n já sí: ohun tí wọ́n pèsè, ohun tí wọ́n ná, àti ohun tó wọlé fáwọn èèyàn bí owó iṣẹ́ àti èrè. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni Nàìjíríà gbára lé jù, ibẹ̀ náà sì lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í lóye.

Ká ní àgbẹ̀ ta ẹ̀gẹ́ ₦10,000 fún ẹni tó ń yan gàrí. Onígàrí yan án, ó tà á fún alájàpá ní ₦25,000. Alájàpá gbé e dé ọjà, ó tà á ní ₦30,000 fún ẹni tó fẹ́ tẹ̀bà. Tá a bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ₦65,000 ni, ṣùgbọ́n ẹ̀mẹta la ti ka ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo yẹn. Ohun tí oníkálukú fi kún un ni NBS ń wá: ₦10,000 ti àgbẹ̀, ₦15,000 ti onígàrí, ₦5,000 ti alájàpá. ₦30,000 péré nìyẹn, iye tí ẹni tó rà á kẹ́yìn san gẹ́lẹ́. Bí onígàrí bá ra igi ìdáná, wọ́n á yọ owó igi kúrò nínú tirẹ̀, wọ́n á kà á fún onígi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi owó orí ọjà bíi VAT kún un, wọ́n á sì yọ owó ìrànwọ́ tí ìjọba san lórí ọjà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń yọ ọjà òkèèrè? Ṣé ó ń ba ọrọ̀ ajé jẹ́ ni?
Ìyẹn kọ́ ni ìdí rẹ̀. Nínú ọ̀nà ìnáwó, wọ́n á ro owó táwọn ìdílé ná, tí ìjọba ná, tí wọ́n fi kọ́lé tàbí ra ẹ̀rọ, àti ọjà tá a tà sókè òkun pọ̀. Fóònù ilẹ̀ Ṣáínà ti wà nínú ohun tí ìdílé ná, bẹ́ẹ̀ a kọ́ la ṣe é, ló fi di dandan kí wọ́n yọ ọ́. Tó bá wọlé ní ₦180,000, tí oníṣọ́ọ̀bù tà á ní ₦200,000, ₦20,000 ti oníṣọ́ọ̀bù ló kù sínú GDP wa.

Kí ni wọn kì í kà?
Iṣẹ́ ilé tí ẹnikẹ́ni ò sanwó fún, ilẹ̀ tá a tà, owó tá a fi ránṣẹ́ sí ìyá wa. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fojú díwọ̀n iṣu tí àgbẹ̀ gbìn tóun àtẹbí rẹ̀ jẹ, wọ́n sì ń kà á.

Kí ni wọ́n wá tún ṣe?
Ọdún ìpìlẹ̀ ni wọ́n yí padà, láti 2010 sí 2019. Iye ọjà ọdún yẹn ni wọ́n ń fi wọn àwọn ọdún yòókù, bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ṣe tóbi tó lọ́dún yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Tó bá ti pẹ́ jù, ìṣirò ò ní rí iṣẹ́ tuntun. Títí di 2014, ọdún 1990 ni Nàìjíríà ṣì ń lò, bẹ́ẹ̀ ọdún 2001 ni GSM tó dé. Nígbà tí wọ́n ka fóònù àti Nollywood bó ṣe yẹ, GDP ọdún 2013 fò láti trílíọ̀nù 42.4 sí trílíọ̀nù 80.2 náírà, láìsí pé ẹnikẹ́ni pèsè ohun kan sí i.

Bílíọ̀nù 509.9 dọ́là la ní ní 2013. Báwo ló ṣe di nǹkan bíi bílíọ̀nù 243 ní 2024?
Náírà ló já. Ẹ fi 509.9 bílíọ̀nù pín 80.2 trílíọ̀nù: nǹkan bí ₦157 sí dọ́là kan. Ẹ fi 243 bílíọ̀nù pín 372.8 trílíọ̀nù: ó lé ní ₦1,500.

Wọ́n ní ọrọ̀ ajé ń dàgbà, kí ló dé tí nǹkan ṣì le?
Ká ní a kórè àpò ìrẹsì 100 lọ́dún tó kọjá, ₦50,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún yìí a kórè 103, ₦80,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó rẹ̀ ti fi nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè, àmọ́ ìdá mẹ́ta péré ni ìdàgbàsókè, torí wọ́n ti yọ ọ̀wọ́ngógó kúrò. Tí èèyàn bá wá pọ̀ sí i ní ìdá mẹ́ta náà, ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ò kúrò níbi tó wà.

Kí ló yẹ ká ṣọ́ra fún?
Gbèsè. Ká ní gbèsè jẹ́ 50, GDP jẹ́ 100: ìdajì ni. Tí ìṣirò tuntun bá sọ GDP di 140, gbèsè á wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìwé, kò sì sí kọ́bọ̀ kan tó kúrò lára rẹ̀. Ó lè wá dà bíi pé àyè ṣì wà láti yá púpọ̀ sí i. Owó tó ń wọlé fún ìjọba ni wọ́n fi ń san gbèsè, àtúnṣe ìṣirò ò sì fi náírà kan kún ìyẹn. Nítorí náà, tí wọ́n bá sọ pé gbèsè wa ti dín kù, ẹ béèrè iye tó ń lọ sórí gbèsè nínú gbogbo ₦100 tó bá wọlé.