Ẹ̀yin àlejò, ẹ fọwọ́ kúrò lára swíìṣì onílé

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń sú mi o. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń kó àwọn JP, ìyẹn Kristẹni tó ń rìnrìn-àjò ìjọsìn, láti Èkó lọ sí Jerúsálẹ́mù, gbogbo ìgbà tí ìdílé Júù kan bá sì ti gbà wá lálejò nírọ̀lẹ́ Fúráìdé báyìí, ẹnì kan nínú wa ò ní ṣàì dójú tì mí. Mi ò fẹ́ sọ ti oúnjẹ, ẹ kúkú ti mọ̀ pé a kì í gbé oúnjẹ sísè wọlé wọn torí òfin oúnjẹ wọn, mo sọ ọ́ ní éápọ́ọ̀tù, mo tún un sọ nínú bọ́ọ̀sì, síbẹ̀ màmá kan ṣì yọ ẹran díndín jáde látinú láílọ́ọ̀nù.

Swíìṣì ló ń dùn mí jù. Iná tó bá ti ń tàn kí oòrùn Fúráìdé tó wọ̀, bẹ́ẹ̀ ló máa tàn mọ́jú. Èyí tó bá kú, ó kú nìyẹn títí ilẹ̀ Sátidé á fi ṣú, torí àwọn Júù tó ń pa òfin mọ́ kì í tan iná, wọn kì í pa á lọ́jọ́ Ìsinmi wọn, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́ Fúráìdé. Ìwọ lọ tọ́ọ̀lẹ̀tì, o ṣe tán, o tẹ swíìṣì, kò! Mo mọ̀ pé bílì NEPA ló kọ́ wa. Onílé ò ní bínú o, kò tiẹ̀ ní bẹ̀ ẹ́ kó o tan án padà torí òfin ò gbà á láyè, á kàn rẹ́rìn-ín ni, gbogbo ilé á wá máa tá ràrà nínú òkùnkùn. Mo ti rí bàbá arúgbó kan tó ń fọwọ́ wá ògiri lọ tọ̀, ojú gbà mí tì. Ẹ má tan, ẹ má pa, ohunkóhun tó bá ti wà lára ògiri ẹ fi í sílẹ̀. Tí àwọn onílé bá fọwọ́ tán ṣáájú oúnjẹ tí wọ́n dákẹ́, inú ò bí wọn, wọ́n ń dúró kí wọ́n bu búrẹ́dì ni, ẹ yéé bi wọ́n pé ṣé kò sí nǹkan.

Wọn ò gbà yín lálejò torí pé ẹ rẹwà. Àṣẹ ni lọ́dọ̀ wọn, hachnasat orchim ni wọ́n ń pè é, ìyẹn gbígba àlejò. Ẹ tún Jẹ́nẹ́sísì 18 kà: Ọlọ́run fara han Ábúráhámù, ó rí ọkùnrin mẹ́ta lókèèrè, ló bá sáré lọ pàdé wọn. Ó fi Ọlọ́run sí ìdúró! Ibẹ̀ ni Támúdì, ìwé òfin àti ẹ̀kọ́ àwọn àgbà Júù, ti mú un pé gbígba àlejò ju kéèyàn pàdé ògo Ọlọ́run lọ. Lọ́dún 1913 wọ́n hú òkúta kan jáde ní Jerúsálẹ́mù, Gíríìkì ni wọ́n kọ sí i lára, Theodotos kan ló ní òun kọ́ sínágọ́gù fún kíka òfin, pẹ̀lú yàrá àti omi fún àwọn àlejò tó bá ti ilẹ̀ òkèèrè wá.

Àmọ́ àlejò náà ní òfin tiẹ̀. Ben Zoma, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn, ní àlejò rere á máa ka wàhálà tí onílé ṣe nítorí òun, àlejò burúkú á ní kí ló ṣe gan-an, ṣebí ìyàwó àtọmọ ẹ̀ ló se é fún. Mo sì ń gbọ́ yín nínú bọ́ọ̀sì, "ẹja tútù lásán ni wọ́n gbé fún wa."

Èyí tó wá burú jù lọ ni tàwọn wòlíì òfégè tó ń ta ìborùn àdúrà Júù fún yín lówó gọbọi. Ọ̀kan sọ fún màmá ẹlẹ́ran díndín yẹn pé kó jí búrẹ́dì lórí tábìlì Júù, pé ìbùkún Ábúráhámù wà nínú ẹ̀. Búrẹ́dì! Èyí tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó o jẹ sí i! Màmá ti búrẹ́dì ọ̀hún bọ báàgì.

A dìde, onílé bá wa jáde. Maimonides, rábì ńlá wọn kan láyé àtijọ́, kọ ọ́ pé èrè sísin àlejò sọ́nà ju gbogbo ẹ̀ lọ, àwa Yorùbá náà sì máa ń sinni sọ́nà, kì í ṣe nǹkan tuntun. Ṣùgbọ́n màmá wẹ̀yìn, ó rí bàbá onílé yẹn tó ń bọ̀, ó rò pé torí búrẹ́dì ni. Ó yára, bàbá náà yára. Ní kọ́nà kejì ló dúró, ó ń gbọ̀n, ó yọ búrẹ́dì jáde, ó ń bẹ̀bẹ̀ ní Yorùbá. Bàbá wo búrẹ́dì, ó wò mí, ó ní ṣé ebi ṣì ń pa màmá ni, kí ló dé tí wọn ò sọ. Ló bá rán ọmọ ẹ̀ sáré padà sílé, ọmọ gbé odindi kan dé pẹ̀lú ẹja.

Màmá ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa bá mi lọ lóṣù kẹwàá, màá yẹ báàgì yín wò.