Fífi ọ̀pá kọ́tìnì mọ́ ògiri

Fífi ọ̀pá kọ́tìnì mọ́ ògiri jẹ́ iṣẹ́ lílu ihò sókè fèrèsé, fífi sukúrúù de bírákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó ń gbé ọ̀pá dúró lára ògiri, mọ́ ibẹ̀, àti gbígbé ọ̀pá lé e. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò ní wàhálà, ìṣó lásán lè gbé e. Kọ́tìnì tó nípọn ló ń fẹ́ àmójútó. Bí irú rẹ̀ bá já bọ́, ihò ló sábà máa ń fà á: á ti fẹ̀, sukúrúù á sì yọ.

Fèrèsé tó fẹ̀ tó mítà 1.5 sábà máa ń gba aṣọ mítà 3, kí aṣọ lè ṣẹ́po dáadáa. Bí ó bá gùn ní mítà 2.5, tí mítà kan níbùú lóròó rẹ̀ sì wọn gíráàmù 400, kìlógíráàmù 3 ni aṣọ nìkan, láìtíì ka ọ̀pá irin àti òrùka. Fífà tí wọ́n ń fà á láàárọ̀ àti lálẹ́ tún wà níbẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ọmọdé tó bá rọ̀ mọ́ ọn. Bí bírákẹ́ẹ̀tì bá ṣe yọ síta tó ni yóò ṣe máa fa sukúrúù òkè jáde tó, ìdí nìyí tí ọ̀pá alápá méjì, tí bírákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń yọ síta jù, fi ń tètè tú.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, búlọ́ọ̀kù oníhò, ti íǹṣì 9 tàbí 6, ni wọ́n fi ń mọ ọ̀pọ̀ ilé, wọn a sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Sìmẹ́ǹtì ojú ògiri yìí kò lágbára láti gbé ohun tó wúwo. Rọ́ọ̀plọ́ọ̀gì, ìyẹn ike kékeré tó ń fẹ̀ nínú ihò bí sukúrúù ṣe ń wọ inú rẹ̀, gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀ dé ara búlọ́ọ̀kù. Èyí tó máa ń bá ọ̀pá wá nínú páálí sábà máa ń kúrú jù. Fún kọ́tìnì wíwúwo, ti mìlímítà 8 pẹ̀lú sukúrúù tó gùn tó mìlímítà 50 sí 60 ló dára. Ẹnu dírílì mìlímítà 8 náà ni kí wọ́n fi lu ihò, kó jìn ju rọ́ọ̀plọ́ọ̀gì lọ díẹ̀, kí wọ́n sì fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù.

Líńtẹ̀lì, kọnkéré onírin tó wà lórí fèrèsé, ló lágbára jù. Dírílì tó ń gbá bí òòlù ló lè lù ú. Bí ó bá kan irin, kí wọ́n sún ihò díẹ̀. Fún búlọ́ọ̀kù tó ń rún, kí wọ́n pa gbígbá yẹn, kí dírílì máa yí nìkan. Ihò tó bá sún mọ́ etí fèrèsé jù máa ń la ògiri. Ọ̀pá tó bá gùn ju mítà 2 lọ ń fẹ́ bírákẹ́ẹ̀tì kẹta láàárín.

Kí rọ́ọ̀plọ́ọ̀gì tó dé, igi ni àwọn káfíńtà ń gbẹ́, tí wọ́n ń gbá wọ inú ògiri. John Joseph Rawlings ará Lọ́ńdọ̀nù béèrè fún ẹ̀tọ́ àrà tuntun lórí rọ́ọ̀plọ́ọ̀gì tirẹ̀ ní 1911. Ní 1958, Artur Fischer ní Jámánì ṣe èyí tó jẹ́ náílọ́ọ̀nù.

Ní Amẹ́ríkà, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi jípúsọ́ọ̀mù, ohun tí wọ́n fi ń ṣe POP, ṣe ni ògiri inú ilé púpọ̀, igi sì wà lẹ́yìn rẹ̀, tó sábà máa ń jìnnà síra ní íǹṣì 16. Inú igi yìí ni kí sukúrúù wọ̀. Níbi tí kò bá sí igi, sukúrúù abìyẹ́, tí ìyẹ́ rẹ̀ ń ṣí lẹ́yìn pákó, ni wọ́n ń lò. Bákan náà ni POP: kò lè gbé kọ́tìnì wíwúwo fúnra rẹ̀, àfi kí wọ́n fi igi sẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n tó dà á.

Bí ihò bá ti fẹ̀, àwọn kan máa ń ki igi ìṣáná tàbí bébà bọ̀ ọ́. Kì í pẹ́ tó fi ń tú. Ó sàn kí wọ́n fi mìlímítà 10 tún un lù, kí wọ́n sì lo rọ́ọ̀plọ́ọ̀gì tó bá a mu, tàbí kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí i, kí ó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tó lu òmíràn.